Ọkọ̀ tí Ẹni tó Rà á Ń Tò Fúnra Rẹ̀: Ìtàn Lotus Seven àti Àwọn Ẹ̀dà Rẹ̀

Ìfáárà

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣe àfarawé ọkọ̀ àtijọ́ tí ó lókìkí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni èrú. A ó rò pé ẹni náà fẹ́ fi ohun tí kì í ṣe ògidì gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò da gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ẹ̀dà ni ohun tí a mú jáde láti ara òmíràn, tí kò sì sẹ́ orísun rẹ̀. Ayédèrú ni èyí tí ó fẹ́ kí á gbà pé òun gan-an ni ògidì. Àwòkọ́ṣe tún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: wò, kọ́ àti ṣe. Ẹni tí ó ń ṣe é wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn Lotus Seven, ọkọ̀ asáré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè yé wa dáadáa bí a kò bá ya àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀.

Orísun ọkọ̀ náà

Colin Chapman (1928–1982) ni ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀. Ní 1948, ó mú ògbólógbòó Austin Seven kan tí wọ́n ti ṣe láti 1928, ó tú u palẹ̀, ó sì ti ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ìdíje tí ó sọ ní Lotus. Gáréèjì kan lẹ́yìn ilé àwọn òbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1952, ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Hornsey ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé ẹṣin àtijọ́ kan lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ògidì tí gbogbo ènìyàn ń fara wé lónìí, ara ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1957 ni Lotus Seven jáde. Èrò Chapman ni pé kí ọkọ̀ fúyẹ́ ṣe pàtàkì ju kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára lọ. Páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ni ṣáásì rẹ̀, páànù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bò ó. Kò ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni kò wúwo tó 500 kg. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún un ni ti Ford kan tí ó jẹ́ 1172 cc, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù nígbà náà.

Owó-orí àti ọgbọ́n tí a ta sí i

Kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ó sọ Seven di ohun tí ó dà. Láti 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó-orí lórí ọjà tí ènìyàn bá rà, ọkọ̀ tuntun sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a kò tíì tò, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lotus ń ta àwọn ẹ̀yà Seven fún oníbàárà, oníbàárà ń lọ tò ó fúnra rẹ̀ nílé.

A gbọ́ pé òfin náà kò fàyè gba kí wọ́n fi ìwé ìlànà títò ọkọ̀ kún àwọn ẹ̀yà náà. Wọ́n ní ohun tí Chapman ṣe ni pé ó fi ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń tú ọkọ̀ náà palẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹni tí ó rà á máa kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá yìí ti di ara ìtàn ọkọ̀ náà pátápátá, ó sì fi ohun kan hàn wá: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ oníbàárà ti wà nínú ṣíṣe ògidì. Bí a bá bi wá pé ta ni ó ṣe Seven kan tí wọ́n tò ní 1960, Lotus nìkan kọ́ ni ìdáhùn.

Ẹni tí ó jogún àti ẹni tí ó fara wé

Ní oṣù kìn-ín-ní 1973, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ àjọ ọrọ̀-ajé Yúróòpù. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, VAT rọ́pò owó-orí àtijọ́, àǹfààní tí ó wà nínú rírà ẹ̀yà ọkọ̀ sì pòórá. Ní ọdún yìí kan náà ni Lotus ta ẹ̀tọ́ ṣíṣe Seven fún Caterham, ilé-iṣẹ́ Graham Nearn, tí ó ti ń bá a ta ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lotus ti ṣe bí 2,500 nígbà náà. Irú kẹrin, tí a fi fáíbà ṣe ara rẹ̀, ni Caterham kọ́kọ́ bá lọ. Ní 1974 ni wọ́n padà sí irú kẹta, èyí tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ náà kà sí Seven gidi. Caterham ṣì ń ṣe é títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan láti Japan, VT Holdings, ti rà á ní 2021. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ti oyè. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lónìí kọ́ ni ẹni tí ó jẹ ẹ́ lánàá, ṣùgbọ́n oyè náà kò yí padà.

Àwọn tí kò ní ìwé ogún lọ́wọ́ kò ṣàì ṣe tiwọn. Donkervoort bẹ̀rẹ̀ ní Nẹ́dálándì ní 1978. Birkin bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ó fi hàn pé iṣẹ́ yìí dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Westfield ṣe ọkọ̀ tí ó jọ Seven débi pé Caterham pè é lẹ́jọ́. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, Westfield sì yí àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ìjà yìí kò dá lórí bóyá ẹnikẹ́ni lè ṣe ọkọ̀ kékeré tí ó fúyẹ́. Ohun tí ó dá lé ni ibi tí àfijọ ti di gbígba ogún ẹlòmíràn.

Ìwé tí ó tú àṣírí iṣẹ́ náà

Ní 1996, Ron Champion, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́, tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ènìyàn lè ṣe ọkọ̀ asáré fúnra rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó kéré tó £250. Locost ni wọ́n ń pe ọkọ̀ inú ìwé náà. Kò díbọ́n pé Lotus ni òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ ìdílé tí ó ti wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é yóò wá ògbólógbòó Ford Escort kan, yóò yọ ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó wúlò níbẹ̀. Yóò ya àwòrán ṣáásì sórí pákó tí ó tẹ́jú, bí ó ṣe tóbi tó gan-an. Yóò gé páìpù irin onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì kan, yóò sì tò wọ́n sórí àwòrán náà. Kò ní jó oríkèé kan tán kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Yóò kọ́kọ́ fi iná kan ojú kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè di ara wọn mú, kí ooru má baà lọ́ irin. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó wá jó wọn tán pátápátá. Gbogbo wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ ni ó mọ ìdí rẹ̀.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí irú ọkọ̀ báyìí. Láti 1998 ni wọ́n ti ní láti kọjá nínú àyẹ̀wò tí à ń pè ní SVA, èyí tí IVA rọ́pò ní 2009, kí ìjọba lè mọ̀ pé bíréèkì, iná àti sítíárì wọn kò léwu. Ọkọ̀ tí a kò bá lè fi ìdí ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí orísun rẹ̀ múlẹ̀ yóò gba nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q. Ìjọba kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ẹ̀dà. Ohun tí ó ní ni pé kí ẹ̀dà má fi ọjọ́ orí tí kì í ṣe tirẹ̀ rìn.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀wò, Caterham jẹ́ ẹ̀dà tí ó ní ẹ̀tọ́ ogún. Locost jẹ́ àwòkọ́ṣe. Èyí tí ẹnì kan bá tò ní àná, tí ó fi àmì Lotus sí i lára, tí ó sì tà á bí ọkọ̀ 1957, òun ni ayédèrú. Irin kan náà lè wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ tí ọkọ̀ náà ń jẹ́ àti ohun tí olówó rẹ̀ sọ nípa rẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ èdè. Ní Ládípọ̀ ní Èkó àti ní Suame Magazine ní Kumasi, ọmọṣẹ́ ń wo ọ̀gá, ó ń kọ́, ó sì ń ṣe. Èdè ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi èdè wọ̀nyẹn ṣàlàyé ìwọ̀n, àwòrán àti ìlànà iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ọ̀gá bá mọ̀ tí kò sọ tán, ilẹ̀ ni yóò bá a lọ. Iṣẹ́ Chapman kò bá a lọ ní 1982, nítorí pé ẹlòmíràn jogún rẹ̀, olùkọ́ kan sì kọ ìlànà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ẹni tí kò jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ lè kà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwa àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ jókòó kọ.