Ìrònúpìwàdà Kí Ikú Tó Dé

Ìjọ Kristi ti àtètèkọ́ṣe gbà pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi ti lọ. Ẹni tó tún pààyàn, tó ṣe panṣágà tàbí tó sẹ́ Kristi lẹ́yìn náà ńkọ́? Ìwé Olùṣọ́-Àgùntàn ti Hermas, tí wọ́n kọ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún lè ronúpìwàdà. Ohun tí Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni, náà kọ ní Carthage nìyẹn.

Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á wọ aṣọ ọ̀fọ̀, á da eérú sórí, á gbààwẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, á máa fi omijé bẹ àwọn tó ń wọlé pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Kò gbọdọ̀ bá wọn jẹ oúnjẹ Olúwa títí bíṣọ́ọ̀bù yóò fi gbà á padà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọba pàápàá kò mórí bọ́. Ní 390, àwọn ọmọ ogun Theodosius, ọba Róòmù, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Thessalonica. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, kọ̀wé sí i pé òun kò ní ṣe ìsìn níwájú rẹ̀ bí kò bá ronúpìwàdà. Ọba bọ́ ẹ̀wù oyè, ó sì sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú ìjọ, lójú gbogbo ayé. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó níyì jù tí ìjọ ṣe rí.

Àmọ́ ìlànà tó le báyìí dẹ́rù ba ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ń fi ìrìbọmi falẹ̀ di ọjọ́ ikú. Orí àìsàn tó pa á ní 337 ni Constantine, ọba Róòmù, ti ṣe tirẹ̀. Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà, wàásù kíkankíkan lòdì sí àṣà náà: ta ló mọ ọjọ́ tí ikú yóò dé?

Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland ló tú okùn náà. Láti ọ̀rúndún kẹfà, wọ́n ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀, iye ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀, wọ́n á sì pàṣẹ ààwẹ̀ búrẹ́dì àti omi. Ní 1215, Àpéjọ Lateran Kẹrin sọ ìjẹ́wọ́ ọdọọdún di dandan.

Bí ikú bá wá dé kí ààwẹ̀ tó pé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ́gátórì, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ ọkàn lẹ́yìn ikú, ti fìdí múlẹ̀, tí Àpéjọ Lyon ní 1274 àti ti Florence ní 1439 fọwọ́ sí. Àwọn Gíríìkì ń gbàdúrà fún òkú, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé iná ló ń wẹ ọkàn mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi ẹ̀kọ́ yìí gbọ́: ẹni tó kú nínú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nìkan ló wà fún. Kò sí ìrònúpìwàdà lẹ́yìn ikú nínú rẹ̀.

Owó ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní 1476, Póòpù Sixtus Kẹrin fàyè gba ìwé ìdáríjì, tó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù, nítorí àwọn òkú tó wà ní pọ́gátórì. Nígbà tó fi máa di 1517, oníwàásù kan, Johann Tetzel, ti ń tà á kiri ní Jámánì láti fi kọ́ ilé ìsìn Pétérù Mímọ́. Martin Luther fèsì pẹ̀lú kókó 95, èyí àkọ́kọ́ sì ni pé gbogbo ìgbé ayé onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrònúpìwàdà. Àpéjọ Trent di pọ́gátórì mú ní 1563, ó sì ka èrè owó inú ìwé ìdáríjì léèwọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì ló dé Èkó: àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti CMS mú ti Pùròtẹ́sítáǹtì wá, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sì ń ṣe Mísà fún àwọn òkú wọn.