Rírẹ́ Títì

Bí a bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń ṣe “àtúnṣe” sí títì àdúgbò kan, a kò lè mọ̀ bóyá kòtò ni wọ́n ń dí, bóyá ọ̀dà ojú rẹ̀ ni wọ́n fá kúrò tí wọ́n sì tẹ́ òmíràn, tàbí títì tí kò tíì ní kòtò kankan ni wọ́n ń bò lójú kó má baà bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe àtúnṣe rárá, nítorí ohun tí kò bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Ìtọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ tó sì bá a mu jù ti wà lẹ́nu àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé tipẹ́: rírẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Los Angeles, ní àwọn títì tó gba iwájú ilé àwọn èèyàn kọjá. Wọ́n á lẹ ìwé káàkiri pé kí oníkálùkù gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ ńlá kan á wá máa da ohun kan tó ń ṣàn bí ògì sílẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ́ ẹ bó ti ń lọ. Iyanrìn, omi àti ọ̀dà olómi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú táyà àlòkù tí wọ́n lọ̀ kúnná. Kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ọ̀dà olómi fúnra rẹ̀ kì í dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rí bíi kòkó tí a pò, torí pé ẹ̀kán ọ̀dà tín-tìn-tín ló fọ́n ká sínú omi. Bí omi bá ti ya kúrò lára rẹ̀, á di dúdú kirikiri. Gẹ̀ẹ́sì á ní ọ̀dà náà “fọ́”. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ẹni tó bá ti ro ẹ̀kọ rí mọ̀ pé ó “dì” la ń wí.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ kò yẹ iṣẹ́ ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n kí ni rírẹ́ ń ṣe fún ògiri? Kì í fún un lágbára. Òjò ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti títì: oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ọ̀dà gbó títí tí yóò fi sán. (Mo yan “gbó” dípò “gbẹ”, nítorí kì í ṣe omi ló tán lára rẹ̀.) Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, á mú kí yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, táyà á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di kòtò. Ọ̀rọ̀ náà tún fi ibi tí agbára iṣẹ́ yìí mọ hàn wá: ẹni tó mọ ilé amọ̀ mọ̀ pé bí ìpìlẹ̀ bá ti yẹ̀, rírẹ́ kò lè gba ilé náà là. Títì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n hú u, kí wọ́n tún un ṣe látìsàlẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹnjiníà fi ń ṣiṣẹ́, kí a fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ àwọn ẹnjiníà nìkan kọ́ ló ń pinnu. Ní San Francisco lọ́dún 2011, àwọn ará ìlú ló dìbò pé kí ìjọba yá mílíọ̀nù 248 dọ́là fún títì àti ààbò ojú pópó. Wọ́n máa ń fún títì kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 100, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ ní rírẹ́ àti èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Onílé tí kòtò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ á bínú bó bá rí i pé títì tó ṣì dára ni wọ́n ń náwó lé lórí. Bí “àtúnṣe” nìkan bá ni ọ̀rọ̀ tó wà, ìbínú rẹ̀ tọ́. Bó bá gbọ́ “rírẹ́”, yóò yé e pé owó kékeré ni wọ́n fi ń yẹra fún owó ńlá.

San Francisco náà ló ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, títí ọdún 5 yóò fi pé. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún irú títì bẹ́ẹ̀. “Èèwọ̀” le jù, torí wọ́n lè gbẹ́ ẹ bí páìpù bá bẹ́ lójijì. Títí tí ẹnìkan yóò fi mú èyí tó dára jù wá, “títì tí a fòfin dè” ni mo ń kọ.