Owó orí àti ẹ̀dínwó: bí a ṣe lè túmọ̀ « crédit d'impôt » fún ẹni tó ń kọ́lé

Ní ọdún 1899, ìjọba Faransé ní Dahomey bẹ̀rẹ̀ sí í gba « impôt de capitation ». « Caput », tí í ṣe « orí » ní èdè Látìn, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. « Owó orí » tiwa sì bá a ṣe rẹ́gí. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kà. Irú ilé tí onítọ̀hún ń gbé kò kàn wọ́n.

Ní Sierra Leone, ilé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà ní tiwọn. Òfin 1896 bu ṣílè 10 lé ilé oníyàrá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bu ṣílè 5 lé èyí tó kéré. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 1898, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, àlékún owó orí wà lára ohun tó fa rògbòdìyàn oṣù kejì àti oṣù kẹta 1923, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé Louis Hunkanrin lọ sí Mauritania. Ìtàn gbígbà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà gbé dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 2000, ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tó gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó bá kọ́ ilé ńlá tó ń ṣọ́ iná lò, ìjọba yóò yọ díẹ̀ nínú owó orí rẹ̀. Mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Láti 2005 títí di 2020, ilẹ̀ Faransé náà lo « crédit d'impôt » fún ẹni tó bá tún ilé rẹ̀ ṣe kí ó má baà máa fi iná ṣòfò.

Báwo ni a ó ṣe túmọ̀ rẹ̀? Bí a bá tẹ̀lé « crédit » lásán, « àwìn » ni yóò jáde, olùgbọ́ yóò sì rò pé gbèsè ni, pé ọjọ́ sísan ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ká ní owó orí ẹnì kan jẹ́ 100.000 fráǹkì, tí òfin sì fún un ní 30.000, 70.000 ni yóò san, ó parí. « Ẹ̀dínwó », tí a ń lò lọ́jà, ló bá a mu: ẹ̀dínwó owó orí. Kí a fi « àyọkúrò » sílẹ̀ fún « déduction », tí a ń yọ nínú owó tó wọlé fúnni kí a tó ṣírò owó orí rárá.

Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ ní ògiri tó nípọn, tó ń dá ooru dúró láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí irú òfin yìí bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, tí onílé bá gbọ́ « àwìn », yóò sá fún ẹ̀tọ́ ara rẹ̀.