Bí JAMB Ṣe Dé, àti Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Rẹ̀

Òbí tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ tó gba 260 nínú ìdánwò JAMB fi lè máà rí ààyè wọ yunifásítì, àfi kó kọ́kọ́ mọ ohun tó bí JAMB. Ọ̀pọ̀ wa rò pé máàkì yìí ni ìwọlé fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀nba ọmọ ló ráyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, lábẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn òmìnira ni Nsukka, Zaria, Ifẹ̀ àti Èkó dé. Nígbà tó yá, kálukú ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kálukú ń ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lówó lọ́wọ́ á ra fọ́ọ̀mù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á wọkọ̀ láti ìlú dé ìlú lọ ṣe ìdánwò. Bó bá mọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta lè mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa lọ. Ààyè tó fi sílẹ̀ níbi yòókù lè ṣófo nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn jókòó sílé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún kéde àwọn yunifásítì tuntun ní 1975, tí Jos, Calabar, Maiduguri àti Ìlọrin wà lára wọn, ìdàrúdàpọ̀ náà kò ṣeé gbójú fò mọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, M. S. Angulu ni alága rẹ̀. Àbá wọn ló yọrí sí Òfin Kejì ọdún 1978 tó dá JAMB sílẹ̀. Angulu yìí kan náà ló jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán JAMB ni kó to àwọn ọmọ sórí ìlà. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí WAEC, tó ti wà láti 1952. WAEC ń sọ bóyá ọmọ mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Krẹ́díìtì márùn-ún nínú àwọn iṣẹ́ tó bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ mu ni yunifásítì ń béèrè. Ní ti JAMB, kò sí pé ọmọ yege tàbí pé ó fìdí rẹmi. Ẹni tó wà níwájú ẹni ló ń fi hàn. Ní 2025, àwọn tó ṣe é lé ní 1,900,000, wọ́n sì pọ̀ ju ààyè tó wà ní yunifásítì lọ. Nítorí náà, 260 tó lè gbé ọmọ wọ kọ́ọ̀sì kan lè máà gbé e dé ibi ẹ̀kọ́ ìṣègùn, níbi tí àwọn tó gba 300 ti tò sílẹ̀.

Òfin ọdún 1989 fi ilé ẹ̀kọ́ pólì àti ti olùkọ́ni kún iṣẹ́ JAMB. Ní 2010, ìdánwò gbogbo wọn di ọ̀kan, òun ni UTME. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, ló ń dun àwọn òbí jù. Ní 2005, nígbà tí Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìjọba gbà kí yunifásítì máa tún ọmọ yẹ̀ wò fúnra wọn. Àwọn olùkọ́ ń ráhùn pé ọmọ ń gbé máàkì ńlá wọlé, síbẹ̀ kò lè kọ ìwé kan kó já geere. Àwa òbí náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan nínú wa ló ń sanwó sí “miracle centre”, níbi tí wọ́n ti ń báni wá ìdáhùn. Mi ò lè dá yunifásítì lẹ́bi. Àmọ́ ó dùn mí pé fọ́ọ̀mù kejì àti ìrìnàjò tí wọ́n torí ẹ̀ dá JAMB sílẹ̀ tún padà wá. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń pa máàkì méjèèjì pọ̀ báyìí, àwọn mìíràn ń ka èsì WAEC mọ́ ọn, ìṣirò kálukú sì yàtọ̀.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń ṣe ìdánwò náà máa ń ṣàṣìṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ti wọ èsì àwọn ọmọ ní Èkó àti ìhà gúúsù ìlà oòrùn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò náà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti pe ọmọ yín ní ọ̀lẹ lọ́sẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́.

Yàtọ̀ sí máàkì, ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá náà ń ṣiṣẹ́ nínú ìwọlé. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé kí wọ́n fi máàkì nìkan mú 45 nínú 100, kí 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká, kí 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ sí.

Láti 2017, orí CAPS, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń bójú tó ìwọlé, ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí: ilé ẹ̀kọ́ á dábàá orúkọ, JAMB á fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ á gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó pé ó fẹ́ bá yín wá ìwọlé, ẹ ní kí ọmọ ṣí CAPS rẹ̀ níwájú yín. Ìwọlé tí kò bá sí níbẹ̀, JAMB kò mọ̀ ọ́n, NYSC náà kò sì ní gba ọmọ tó bá fi í kàwé jáde.