Ìfọ́lé Abẹ́òkúta àti Èbúté Mẹ́ta

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ní Abẹ́òkúta, ìbínú àwọn Ẹ̀gbá sí Gómìnà Glover ti Èkó bú jáde. Ó ti kó ọlọ́pàá sórí ilẹ̀ tí wọ́n kà sí tiwọn. Ṣùgbọ́n Glover jìnnà. Àwọn míṣọ́nnárì àti onígbàgbọ́ tó wà nítòsí ló jìyà rẹ̀. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù inú ilé, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé míṣọ́nnárì Henry Townsend jẹ́. Bí Ìwé Ìròyìn tí Townsend ń tẹ̀, tó ti ń jáde láti 1859, ṣe kógbá wọlé nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n lé gba Èkó lọ. Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, lódìkejì ọ̀sà, wọ́n sì tẹ Àgọ́ Ẹ̀gbá dó síbẹ̀. 

Àbájáde tó jinlẹ̀ jù, bóyá, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ló wà. Òyìnbó kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí náà àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ló di ìjọ mú. Ní 1877, James Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, wá ṣe alábòójútó wọn.