Kí igi Kérésì tó dé, imọ̀ ọ̀pẹ ti wà ńlẹ̀

Ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí tà lọ́jà o. Èyí tí ọmọdé ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàràpá kọjá ní oṣù Kejìlá, láti Èrúwà títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Tápà níhìn-ín, á rí imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í béèrè bó ṣe débẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Àgbádárìgì.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló rán an. Ẹ má rò pé òyìnbó pọ́ńbélé ni o: aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró ló ń retí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà padà sílé. Wọ́n ti mọ Kérésì ní Freetown kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kankan tó bá wọn dé ilẹ̀ yìí. Freeman lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, ó sì padà dé Àgbádárìgì nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Ó bá Henry Townsend ti ìjọ CMS níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Freetown. Ọdún tí wọ́n jọ ṣe lọ́jọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. (Àwọn Potogí tó ti wá sí Bìnì àti Wàrì ṣáájú ìgbà yẹn kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn Freeman ni iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó di oníwàásù. Olùtọ́jú ọgbà ni, nílé ọlọ́lá kan ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ igi, ó mọ ewé, ó mọ òdòdó. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè gbé igi Kérésì kalẹ̀ ní Àgbádárìgì, òun ni. Ṣùgbọ́n igi Kérésì kò tíì di àṣà àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà náà. Àṣà àwọn ará Jámánì ni. Òótọ́ ni pé Queen Charlotte, tó jẹ́ ọmọ Jámánì, ti ṣe é ní Windsor lọ́dún 1800, ṣùgbọ́n nǹkan ààfin ni. Ọdún 1848 ni ìwé ìròyìn Illustrated London News tẹ àwòrán Queen Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nídìí igi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é káàkiri. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Kérésì ti Àgbádárìgì. Ẹni tó bá wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé láìsí igi oníke, Kérésì ò tíì pé, ẹ ní kó lọ ka ìtàn.

Ọ̀pẹ ló wà nítòsí wa ní tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ṣe igi lásán nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Màrìwò ni ọ̀dọ́ ewé tí kò tíì là, tó wà láàárín orí igi gan-an, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì funfun ràkọ̀ràkọ̀. Imọ̀ ni èyí tó ti là, tó ti gbó, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ògún ló ni màrìwò. Ibi tí wọ́n bá ta á sí, ìbáà ṣe ojúbọ tàbí ẹnu ọ̀nà igbó orò, ọ̀gbẹ̀rì mọ̀ pé kí òun yà. Àwọn tó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ láàárín wa mọ èyí ju bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Báwo ni wọ́n ṣe wá fara mọ́ ewé igi yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run?

Èrò tèmi ni pé Bíbélì Yorùbá wà lára ohun tó yanjú rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni Bíbélì wa pe ewé tí àwọn ará Jerúsálẹ́mù mú jáde lọ pàdé Jésù. Ọ̀pẹ ti ibẹ̀ kì í ṣe tiwa o. Igi déètì ni, kò ní ẹyìn, kò ní epo. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n fún méjèèjì, nígbà tí odindi Bíbélì sì jáde lédè wa lọ́dún 1884, ẹni tó bá kà á nínú ilé rẹ̀, ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń rí. Ọ̀pẹ wá di onílé méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ Ògún, ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Imọ̀ náà sì ni ọmọdé ń gé fún ọdún. Àgbàlagbà tó mọyì ọ̀pẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n fa màrìwò yọ, nítorí ibẹ̀ ni igi náà ti ń dàgbà.

Láti ara imọ̀ yìí ni àgọ́ Kérésì ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín ọdún 1970 sí 1990 mọ ohun tí mò ń sọ, ní Ìbàdàn o, ní Èkó o, àti láwọn ìlú kéékèèké. Àwọn ọmọ àdúgbò á gé igi mẹ́rin tí orí rẹ̀ pín sí méjì. Ilẹ̀ á ti le nítorí ọyẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ da omi sí i kó rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n á fi igi dábùú orí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á fi okùn dè é. Lẹ́yìn náà ni imọ̀: èyí tó gùn ni wọ́n ń fi bo òrùlé, wọ́n á la àwọn yòókù sí méjì láti àárín, wọ́n á hun ewé wọn mọ́ra fún ògiri. Méjì tó dára jù ni wọ́n ń tẹ̀ bí ọrun sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á bu yanrìn sílẹ̀, wọ́n á gbé rédíò wọlé, wọ́n á dáwó, ìrẹsì sì dé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀sìn. Ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ní àdá tó mú nílé wọn ni ọ̀gá.

Bébà ló tẹ̀ lé ọ̀pẹ, a sì tún padà sọ́dọ̀ Townsend. Òun náà ló gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí bébà tó lè di ohun ìṣeré ọmọdé, ó ní láti pọ̀ débi pé wọ́n lè gé e láìsí ẹni tó máa lù wọ́n. Ilé ìwé ló mú ìyẹn wá, pàápàá láti oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ju 800,000 lọ. Ọmọ àgbẹ̀ ní Tápà di ẹni tó ní ìwé tó ti kọ tán, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí tíṣà fi kọ́ wọn. Bí òpin ọdún bá dé, ìwé ìṣirò á di ṣéènì bébà.

Ẹ lè bá àwọn ọmọ yín ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ tó ìka méjì, kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí kó di òrùka, kí ẹ ti èkejì bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ ìyẹn náà. Ẹ má wá gúlú lọ síbì kankan, Ìbàràpá la wà. Ẹ bu ìyẹ̀fun láfún ṣíbí méjì, ẹ fi omi tútù pò ó, ẹ da omi tó ń hó lé e, kẹ́ ẹ máa rò ó títí á fi fà. Bó bá ti tutù, ó ti tó lò. Ẹ fi omi ìsápá kun àwọn bébà kan kí wọ́n pọ́n, ẹ fi osùn kun òmíràn. Ìràwọ̀ ńkọ́? Ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi òwú dè. Pòròpórò ọkà bàbà náà wúlò gan-an, ìgbà ìkórè rẹ̀ la wà yìí: èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi fóòmù, ẹ lè gún wọn mọ́ra kó di ilé, kó di mọ́tò.

Àwọn ìbátan wa kan gbé bébà yìí jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Banjul, olú ìlú Gáńbíà, wọ́n ń ṣe fánálì ní àkókò Kérésìmesì: fìtílà ńlá tí wọ́n fi pákó àti bébà ṣe bí ọkọ̀ ojú omi tàbí ilé, tí wọ́n gé bébà rẹ̀ wínníwínní, tí wọ́n ń gbé káàkiri ìgboro lóru. Àṣà náà tan mọ́ ti Saint-Louis ní Senegal. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Akú ti ń gbé ní Banjul. Àwọn Akú yìí, láti Freetown ni wọ́n ti wá, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn. Kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ kú, ẹ kú, ló di orúkọ wọn.

Kí ló wá gba àdá àti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa? Àwọn kan ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀wọ́n gógó, mi ò gbà pátápátá. Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, tí owó náírà já wálẹ̀, ọ̀ṣọ́ òkèèrè wọ́n bí ojú, ìgbà yẹn gan-an ni àgọ́ ń gbilẹ̀. Ike tó wá dí olówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àti fóònù. Iná náà wà níbẹ̀. Ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ imọ̀ kanrin; àbẹ́là kan, tàbí nọ́káòtù kan tí ọmọ jù láìwò, ó tó jó àgọ́ àti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí tó fòfin dè é kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n iná oníbátìrì ti wà báyìí. Ẹ kọ́ àgọ́ náà jìnnà sí ilé, ẹ gbé korobá omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àbẹ́là tàbí nọ́káòtù sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tú u bó bá ti gbẹ.

Títú rẹ̀ náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ewé tó gbẹ di ìtùfù lábẹ́ ìkòkò. Egungun ewé àwọn tó kù ni àwọn ìyá àgbà ń fà yọ, wọ́n á dì í, òun náà ni wọ́n á sì fi gbá bébà ọdún kúrò lójúde.