Orí Ni Kí A Fi Dá Àpólà Mọ̀: Àtakò sí Ìsọlórúkọ Nípa Iṣẹ́ Nínú Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, wọ́n máa ń fa àpólà kan yọ láti inú àyọkà, wọ́n á sì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè orúkọ gírámà rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìbéèrè méjì ni lójú, ọ̀kan ṣoṣo ni ní ti gidi. Bó bá jẹ́ "in the car" nínú "The man in the car is my uncle", ìdáhùn tí a fi kọ́ wọn ni pé àpólà àpèjúwe ni, ó ń ṣe ẹ̀yán fún "man". Nínú "She slept in the car", àpólà kan náà di àpólà àpọ́nlé. Iṣẹ́ ti wọ inú orúkọ lọ. Kí ló kù tí ìbéèrè kejì ń wá?

Àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì, Quirk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ya ìhun kúrò lára iṣẹ́ ní ọdún 1985. Àwọn onígírámà mìíràn, Huddleston àti Pullum, tún tẹnu mọ́ ọn ní 2002. Àpólà atọ́kùn ni "in the car" níbi méjèèjì, nítorí atọ́kùn "in" ni orí rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń pinnu irú àpólà tó jẹ́. Àwọn tó ń gbèjà ìlànà àtijọ́ lè ní orúkọ méjì fún ohun kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń pani lára. Ẹ wo "The cat came from under the bed". Kí ni "under the bed" níbẹ̀? Kò ṣe ẹ̀yán fún ọ̀rọ̀ orúkọ kankan. Kò sì ṣe àpọ́nlé fún ọ̀rọ̀ ìṣe, torí "from under the bed" lódindi ló ń ṣe ìyẹn. Àbọ̀ "from" ni. Ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n pè é ní àpólà orúkọ. Ọmọ Yorùbá lè tètè gbà fún wọn, nítorí àpólà orúkọ ni "abẹ́ ibùsùn" tiwa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gba "from right under the bed", kò gba "from right the bed". "Right" yìí kì í ṣíwájú àpólà orúkọ. Àpólà atọ́kùn ló ń bá rìn.

Onímọ̀ èdè Bloomfield ni alátakò tó le jù sí èrò pé àpólà atọ́kùn ní orí. Ní 1933, ó ka àpólà atọ́kùn mọ́ ìhun tí kò ní orí, nítorí kì í hùwà bí èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó para pọ̀ di í. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ fún "of" àti "at", tí kì í sábà dá dúró. Ṣùgbọ́n "in" ń dá dúró nínú "She is in". Bẹ́ẹ̀ sì ni "devour" kì í fẹ́ dá wà láìní àbọ̀, síbẹ̀ ta ló sọ pé àpólà rẹ̀ kò lórí?

Láàárín àwọn àpólà yòókù, àpólà ìṣe kò mú wàhálà wá. Ní ti àpólà orúkọ, onímọ̀ èdè Abney gbé ipò orí fún "the" ní 1987, ìjà ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ orí ni wọ́n ń jà sí, kì í ṣe bóyá orí wà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ àpólà atọ́kùn sábẹ́ orúkọ fún "in the car" nínú "The man in the car is my uncle", tó sì kọ ẹ̀yán sábẹ́ iṣẹ́, ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì, òun ló sì yẹ kó gba máàkì tó pé.